Ẹni Tó Ṣi Ọ̀nà Júwe

Ìwọ tó ń kà á yìí, bí o bá mọ ilé wa ní Pobè, jọ̀ọ́, má júwe rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá béèrè mi lọ́wọ́ rẹ, sọ pé o kò mọ̀ mí.

Ọkọ mi, Eustache, ló ń mójú tó ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì ní ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Sakété. N kò kàwé lọ títí, ṣùgbọ́n ó là á yé mi: àwọn ẹ̀rọ yẹn ló ń júwe ọ̀nà fún ara wọn. Bí ọ̀kan bá wí pé, "Ẹ gba ọ̀dọ̀ mi," àwọn yòókù á yà síbẹ̀. Wọn kì í béèrè ìdí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jókòó sílé, ó ń jẹun, ó ń fi ọwọ́ kejì tẹ kọ̀ǹpútà tó fi ń darí ẹ̀rọ ibi iṣẹ́. Ó ṣi nǹkan kan tẹ̀. Ni gbogbo ohun tí àwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́ sí báńkì kan ní Kútọnu bá yà wá sí Sakété.

Kó tó di alẹ́, wọ́n ti ń pè é lólè. Wọ́n ní ẹ̀wọ̀n ni ti ẹni tó bá yí ọ̀nà ọlọ́nà padà. Ẹ̀rù bà á. Ó sá.

Láti ìgbà náà, bí alùpùpù zẹ́mìjàn bá ti dín eré níwájú ilé, àyà mi á já. Nígbà tó wà nílé, Eustache máa ń húkọ́ lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé, ikọ́ tí kì í ṣe ikọ́, kí n lè mọ̀ pé òun ni. Mo ṣì ń bu oúnjẹ rẹ̀ sọ́tọ̀. Aurore, ọmọ wa, kò bi mí léèrè bàbá rẹ̀ mọ́. Òun náà ń tẹ́tí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan wá láti Kútọnu. Damien ló pe ara rẹ̀. Ó ní búrò ìjọba tó ń yẹ irú ọ̀rọ̀ báyìí wò ló rán òun.

"Ìyá Aurore, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é láti jalè là ń wá. Ẹni tó ṣèèṣì, a kì í jẹ ẹ́ níyà."

"Báwo lẹ ṣe ń dá wọn mọ̀, ọ̀gá?"

"Olè á dákẹ́. Ẹni tó ṣèèṣì á figbe ta. Kí ni tiyín ṣe?"

Mo wo bàtà rẹ̀. Mo... mo sọ ọ́. Bó ṣe fò dìde, tí kò fọ ọbẹ̀ kúrò lọ́wọ́, tó ń pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ mìíràn lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ẹ má gba ẹ̀rọ wa gbọ́ o! Irọ́ ló ń pa!" Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín: "Eustache, ọtí sódábì ti wọlé lọ́sàn-án gangan?" Ọkọ mi gé ìpè náà. Ó gun alùpùpù lọ sí Sakété, ó fọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹ̀rọ náà. Kò sí oníbàárà wọn tó rí íńtánẹ́ẹ̀tì lò mọ́. Ìyẹn ló bí ọ̀gá ilé iṣẹ́ rẹ̀ nínú; òun ló kọ́kọ́ pè é lólè.

Damien mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. "Bí àwọn tó pè ṣe wí náà nìyẹn. Sísá tó sá ló jọ ti olè. Kó wá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, ó parí. A óò kàn ní kí ilé iṣẹ́ rẹ̀ fi ohun tó ń dá irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ dúró sí ẹ̀rọ wọn. Níbo ló wà?"

Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n mi. Mo mọ ibẹ̀. N kò ní kọ ọ́ síbí. Ó ti ń ṣe mí bíi pé mo gbọ́ ikọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ni mo bá wo ọkọ̀ tó gbé ọkùnrin náà wá. Gíláàsì rẹ̀ dúdú. Ẹnì kan wà nínú rẹ̀ tí kò sọ̀ kalẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

"Awakọ̀ mi ni, Màmá."

Ó lè jẹ́ òótọ́.

"Ẹ lọ sọ ọ́ lórí rédíò, bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi yìí. Kí gbogbo èèyàn gbọ́. Òun náà á gbọ́."

"Ẹ ò gbà mí gbọ́?"

"Mo fẹ́ gbà yín gbọ́. Ẹ ò mọ bó ṣe ń wù mí tó."

"Níbo ló wà, Ìyá Aurore?"

Mo gbé ife tó fi mu omi kúrò níwájú rẹ̀.

"Ó tó, ọ̀gá. N kò sọ̀rọ̀ mọ́."