Nọ́ńbà Márùn-ún Lábẹ́ Ilẹ̀kùn

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n gbáko ni télọ̀ tí gbogbo òpópó ń pè ní Ojúníwọ̀n kò fi téèpù kan oníbàárà lára. Bí o bá gbé aṣọ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á ní kí o dúró lẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti dára, kí o yí sí ọ̀tún, kí o yí sí òsì, á di ojú kan bí ẹni tó fẹ́ yìnbọn, lẹ́yìn náà á mi orí. "Mo ti rí yín," ni yóò wí. "Ẹ padà wá ní Ọjọ́bọ̀." Ó parí. Téèpù wà lọ́rùn rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀ṣọ́ lásán ni. Nọ́ńbà orí rẹ̀ ti pa rẹ́ látìgbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì ń rá. Ó máa ń sọ pé ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá ríran ló ń fi okùn wá ara oníbàárà kiri.

Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ìbejì, ní tábìlì tó fi ń lọ aṣọ lẹ́yìn kọ́tìnnì nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà. Obìnrin náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Èyí tó bá sì sọ, áyọ́ọ̀nù ló sábà máa ń gbọ́ ọ. Àwọn ìbejì tí wọ́n fi ń pe òun àti ọkọ rẹ̀ ti lọ sílé ọkọ, ó wá ku àwọn méjèèjì. Bàbá Ìbejì ló ń ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, nítorí ó fẹ́ kí àwọn èèyàn máa rí òun bí òun ṣe ń ṣí i. Títì rẹ̀ nírọ̀lẹ́ kò ní ògo kankan nínú, ìyàwó ló wá ń tì í. Ọkọ á ti máa lọ níwájú, á máa gba ìkíni lọ́tùn-ún lósì.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, bí ó ti ṣí ilẹ̀kùn, ó tẹ àpò ìwé funfun kan mọ́lẹ̀. Kò sí orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Bébà kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, nọ́ńbà márùn-ún ni wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ọn, ọ̀kan lábẹ́ èkejì: méjìlélógójì, méjìdínlógún, mẹ́rìndínlógójì, márùndínlọ́gbọ̀n, mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Kò sí "ẹ kú àárọ̀," kò sí "ó dàbọ̀."

Ojúníwọ̀n kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Àyà rẹ̀ já díẹ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ náà dùn díẹ̀, nítorí ta ni yóò fi lẹ́tà àìmọ̀ dààmú ara rẹ̀ lórí ẹni tí kò já mọ́ nǹkan? Ó gbé e lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń tún agogo ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kejì. Atúnágogoṣe ki awò kékeré rẹ̀ bọ ojú.

"Inú kálẹ́ńdà ni wọ́n ti gé e," ó wí. "Wo eléyìí, pupa ni, ọjọ́ Àìkú nìyẹn. Kálẹ́ńdà kì í sì í kọjá mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lẹ ẹ̀rin mọ́ èjì kó tó di méjìlélógójì."

"Mi ò bi ọ́ léèrè ibi tó ti wá. Kí ló túmọ̀ sí?"

"Agogo lèmi mọ̀, ọ̀rẹ́. Nọ́ńbà tó bá ti kọjá méjìlá, kò kàn mí mọ́."

Lẹ́tà náà kò dáwọ́ dúró. Láàárín oṣù méjì, mẹ́sàn-án ló gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Nọ́ńbà máa ń yí padà, ṣùgbọ́n kì í ju márùn-ún lọ, kì í sì í dín. Ojúníwọ̀n kọ́kọ́ rò pé ọ̀tá ló ń ka ọjọ́ ayé òun fún òun. Nígbà tí ó di pé nọ́ńbà òkè fò láti méjìlélógójì sí mẹ́rìndínláàádọ́ta, ó gbà pé ọ̀tá tó ń fi ọjọ́ kún ọjọ́ fún èèyàn kì í ṣe ọ̀tá gidi. Ó tò wọ́n pọ̀, ó di nọ́ńbà fóònù, ó sì tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó gbé e ní ilé ìwòsàn ẹran ni ibẹ̀, ó sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́ pé ẹran wo ló ń ṣàìsàn.

Ìgbà tó yá ló wá kíyè sí bí wọ́n ṣe gé etí bébà náà, ó gún régé. Ẹni tó ń bínú kì í gé nǹkan báyẹn. Ìfẹ́ ni. Ó wo ara rẹ̀ nínú díńgí ńlá tí àwọn oníbàárà ń lò, ó rí ọkùnrin ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta kan tí obìnrin lè fi kálẹ́ńdà ṣòfò nítorí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi lọ́fínńdà sí ara wá síbi iṣẹ́. Lẹ́tà wọ̀nyí wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, lábẹ́ àwọn bọ́tìnnì, níbi tó gbà pé ìyàwó òun kò lè rí i.

Ó wá fi ọgbọ́n béèrè lọ́wọ́ ìyàwó náà lọ́jọ́ kan. Ó ní bí ẹnì kan bá ń kọ lẹ́tà sí ẹnì kejì tó sì fi orúkọ pamọ́, kí ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń wá? Ìyá Ìbejì kò gbé ojú kúrò lórí ṣòkòtò tó ń lọ̀.

"Ó ń wá kí wọ́n kà á ni," ó wí.

Ọkọ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó káàánú rẹ̀, aláìmọ̀kan.

Ní gbogbo àkókò yìí, nǹkan kan ń lọ tí Ojúníwọ̀n kò fẹ́ pè lórúkọ. Ọ̀gá ilé ìwé gbé kóòtù rẹ̀ padà wá: ó nawọ́ sókè níwájú àwọn ọmọ ilé ìwé kí wọ́n lè dákẹ́, abíyá kóòtù ya, òun ló sì sọ̀rọ̀ dípò wọn. Akọ̀wé báǹkì kan ní òun lè wọ ti òun bí òun kò bá ní mí. Ojúníwọ̀n dá gbogbo wọn lóhùn bákan náà: "Ara yín ló yí padà lẹ́yìn tí mo rí yín." Ìyá Ìbejì á gba aṣọ náà, á tú u lẹ́gbẹ̀ẹ́, á fẹ̀ ẹ́, á lọ̀ ọ́, á dá a padà. Àwọn kan kò tilẹ̀ bínú padà wá. Télọ̀ kékeré kan ti ṣí ṣọ́ọ̀bù níkangun òpópó, wọ́n sì ní téèpù kì í sinmi lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n gbà lọ.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí nígbà tí Adájọ́ wọlé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn án ni, yóò búra ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, àwọn oníròyìn yóò sì wà níbẹ̀ láti ya fọ́tò. Aṣọ dúdú kan ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti dolóògbé rà fún un lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn pé kó fi rán kóòtù lọ́jọ́ tó bá di adájọ́. Kò sí irú rẹ̀ lọ́jà mọ́. Ó tó kóòtù kan pérépéré, kò ṣẹ́kù ìka kan tí wọ́n lè fi tún àṣìṣe ṣe, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àyè láti fẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ojúníwọ̀n ní kó yí ọ̀tún, kó yí òsì. "Mo ti rí yín, sà." Adájọ́ fi kóòtù rẹ̀ àtijọ́ sílẹ̀ kí Ìyá Ìbejì bá a lọ̀ ọ́, ó sì lọ. Kílẹ̀ tó ṣú, gbogbo òpópó ti gbọ́ lẹ́nu télọ̀ pé òun lòun ń rán aṣọ ilé ẹjọ́ báyìí. Òun nìkan ló mọ èyí tí kò sọ: bí ti Adájọ́ bá já ní gbangba, kó yáa fún télọ̀ níkangun òpópó ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bá lẹ́tà lábẹ́ ilẹ̀kùn. Nọ́ńbà márùn-ún ni: mẹ́rìnlélógójì, mọ́kàndínlógún, ogójì, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, méjìlélọ́gbọ̀n. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ wà lábẹ́ wọn, wọ́n gé e lọ́kọ̀ọ̀kan bíi ti nọ́ńbà: MÁ TÍÌ GÉ E.

Ó fi lẹ́tà sórí tábìlì, ó tẹ́ aṣọ dúdú náà, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà bí ojú rẹ̀ ti sọ. Ó mú àlùmọ́gàjí. Ọwọ́ rẹ̀ kò sọ̀kalẹ̀. Obìnrin tó fẹ́ràn èèyàn, báwo ló ṣe mọ̀ pé télọ̀ fẹ́ gé aṣọ láàárọ̀ òní? Ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ó sì fẹ́ fún ara rẹ̀ láyè díẹ̀. Ó wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì lọ wá òmíràn. Ìyá Ìbejì ti lọ pọnmi. Téèpù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ áyọ́ọ̀nù, aláwọ̀ ìyeyè, nọ́ńbà rẹ̀ mọ́ kedere. Kí ni ẹni tó ń lọ aṣọ ń fi téèpù ṣe? Kóòtù àtijọ́ Adájọ́ wà lórí hángà lókè rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló rántí ṣáájú orí. Ó fi téèpù yí àyà kóòtù ká: mẹ́rìnlélógójì. Ó wọn èjìká: mọ́kàndínlógún. Ìbàdí: ogójì. Nígbà tí yóò fi dé apá, ó ti mọ ohun tí yóò bá níbẹ̀.

Ó rọra padà sídìí tábìlì rẹ̀, ó wọn ìlà ṣọ́ọ̀kì. Mọ́kànlélógójì ni ojú rẹ̀ fún àyà Adájọ́.

Ó jókòó. Odindi télọ̀: oṣù méjì ni wọ́n fi ń kọ ìwọ̀n oníbàárà ránṣẹ́ sí i, ó ń fi í pe dókítà ẹran. Bí wọ́n bá kó lẹ́tà náà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ télọ̀ lánàá, á mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ó gba kí èèyàn fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n yangàn kó tó ṣàìmọ̀ ọ́n.

Ìyá Ìbejì wọlé, ó sọ garawa kalẹ̀. Ó wo aṣọ tó wà lórí tábìlì, ó rí i pé kò tíì gé, ó wá wo ọkọ rẹ̀ àti téèpù ọwọ́ rẹ̀.

"Ìyá Ìbejì, ta ló ń kọ lẹ́tà sí mi?"

"Ṣé ẹ ti kà á?"

"Mo ti kà á."

"Ó dáa nígbà yẹn." Ó nu ọwọ́. "Aṣọ àtijọ́ tí wọ́n bá gbé wá fún lílọ̀ ni mo ń wọ̀n."

"Kí ló dé tí o ò fi ẹnu sọ ọ́?"

"Mo fẹnu sọ ọ́ lọ́dún tó kọjá, Bàbá Ìbejì. Ẹ ní kí n lọ máa wo iná áyọ́ọ̀nù mi."

Ó rántí. Ó tilẹ̀ rántí pé àwọn oníbàárà méjì wà níbẹ̀, àti pé wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ó gbọn ìlà ṣọ́ọ̀kì náà dànù. Ó pe Adájọ́ kó yà wọlé nírọ̀lẹ́, nítorí kóòtù àtijọ́ lè ti fún ẹni tó ni ín, èèyàn kò sì gbọ́dọ̀ fi ìyẹn ta tẹ́tẹ́. Adájọ́ dé, ó rí téèpù, ẹnu yà á. Atúnágogoṣe ti wá dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò fẹ́ kí nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn òun.

"Wọ́n ní ẹ kì í lo téèpù," Adájọ́ wí.

"Fún àwọn yòókù ni, sà," Ojúníwọ̀n dáhùn, ó sì ti fi téèpù yí i ká. "Ilé ẹjọ́ kì í gba 'mo rò pé.' Ẹ̀rí ni wọ́n ń béèrè."

Adájọ́ rẹ́rìn-ín títí. Ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn kọ́tìnnì.

Ní ọjọ́ Ajé, Adájọ́ nawọ́ sókè, ó búra, òwú kan kò já. Fọ́tò rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn. Kí oṣù tó parí, ọ̀gá ilé ìwé àti akọ̀wé báǹkì ti padà wá, wọ́n ní àwọn náà fẹ́ kí wọ́n wọn àwọn bíi ti Adájọ́. Ojúníwọ̀n kọ́kọ́ ń kọ̀, ó ní ti ènìyàn ńlá ni. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ dáadáa ló tó gbà.

Lẹ́tà dáwọ́ dúró. Lọ́fínńdà náà tán, kò ra òmíràn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, bí ó ti ṣí ilẹ̀kùn láàárọ̀, ó bá àpò ìwé funfun kan nílẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin ni lọ́tẹ̀ yìí. Ó yẹ ìwé ìwọ̀n tuntun rẹ̀ wò, kò rí oníbàárà tó bá a mu. Ọkùnrin kọ́ ni nọ́ńbà wọ̀nyẹn tilẹ̀ wà fún. Ó jókòó tì í fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ṣírò pé nínú ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, òun kò tíì rán aṣọ kan fún ẹni tó wà lẹ́yìn kọ́tìnnì.

Nígbà tí Ìyá Ìbejì dé, ọkọ rẹ̀ ní kó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti dára.

"Ṣebí nọ́ńbà ti wà lọ́wọ́ yín," obìnrin náà wí.

"Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí ẹ̀rí."

Ó wọn èjìká rẹ̀, ó wọn àyà, ó wọn ìbàdí. Ìbàdí inú lẹ́tà fi ínǹṣì méjì dín sí èyí tó wà níwájú rẹ̀. Ó tún un wọ̀n. Obìnrin náà gbójú sókè, ó ń wo òpópó bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn.

Ojúníwọ̀n kọ ìwọ̀n òtítọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó sì pa ìwé dé.