Ìkérora Baba Ó-Wúwo

Kò sí sípíkà tó ń jáde ní ṣọ́ọ̀bù yẹn láìjẹ́ pé Baba Ó-Wúwo gbé e wò. Yóò ká apá aṣọ, yóò dijú, yóò sì gbé àpótí náà pẹ̀lú ìkérora gígùn kan tí wọ́n ń gbọ́ dé òdìkejì títì. Lẹ́yìn náà ni yóò fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà méjì sí i lẹ́yìn. Èyí tó bá gbé láìkérora, yẹpẹrẹ ni, kí wọ́n tú u palẹ̀. Ó ti wá di pé àwọn oníbàárà kì í tẹ́tí sí ohùn mọ́. Ẹ̀yìn àpótí ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ayọ́rin, ti ń gbọ́ ìkérora yìí láti ìgbà tó ti ń rákòrò, ó sì ti sú u pátápátá. Lójú tirẹ̀, pákó tó nípọn àti irin tó wúwo kò ṣe ohùn lóore kankan. Ẹ̀yìnkùlé ni ẹ̀rí wà: òkìtì àpótí àtijọ́ tí pákó wọn ti wú, tí gúlúù wọn ti ṣí, tí kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Alumíníọ́mù ni tirẹ̀. Ó ṣa férémù fèrèsé tó ti ṣẹ́, agolo ohun mímu, rímù kẹ̀kẹ́ àti ìkòkò tó ti jò, ó yọ́ gbogbo wọn pọ̀, ó sì fi wọ́n ṣe àpótí tó fúyẹ́ tó sì le. Ọ̀kan nínú àwọn ìkòkò náà, abẹ́ ibùsùn Baba ló ti mú un, kò sì bi ẹnikẹ́ni. Ó máa ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé yíyọ́ ògbólógbòó kò gba iná tó wíwa tuntun nínú ilẹ̀ rárá, àti pé bí sípíkà òun bá gbó, inú iná ni yóò padà sí, kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé.

Ọ̀gá ilé-ìwé kan ló wá bẹ̀ wọ́n níṣẹ́ sípíkà méjìlá tí wọn yóò so mọ́ òrùlé gbọ̀ngàn. Gbẹ́nàgbẹ́nà ti kìlọ̀ fún un pé igi òrùlé náà ti darúgbó, kò lè gba ohun tó wúwo. Ó fẹ́ èyí tó fúyẹ́, ṣùgbọ́n ó ní dandan ni kí ìlà Baba wà lẹ́yìn rẹ̀, káwọn òbí má baà yọ òun lẹ́nu. Baba gbà pé kí ọmọ rẹ̀ fi alumíníọ́mù ṣe é, ó sì sọ fún un pé tí òun kò bá lè fa ìlà sí ti alumíníọ́mù yìí, kò gbọdọ̀ dáná yọ́ nǹkankan ní ṣọ́ọ̀bù òun mọ́ láé.

Ayọ́rin ronú títí, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà báyìí, ọ̀kan ṣoṣo ni Baba máa ń gbé níwájú oníbàárà, tí yóò sì fa ìlà fún ìyókù. Ó wá irin pẹlẹbẹ mẹ́rin, ó fi àkísà wé wọn, ó dè wọ́n sínú àpótí kan, ó sì kán ọ̀dà pupa bíńtín sí i nídìí kó má baà ṣì í mú. Èyí ni yóò gbé síwájú Baba.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ wá kó o, ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó nu méjèèjìlá títí wọ́n fi ń dán gbinrin. Ìgbà tó ṣe tán ló rí ọ̀dà pupa lára àkísà ọwọ́ rẹ̀. Kó tó na ọwọ́ láti gbé wọn wò, Baba ti wọlé pẹ̀lú ọ̀gá ilé-ìwé.

Baba rìn yí tábìlì ká, ó ká apá aṣọ, ó dúró níwájú ọ̀kan. Ó dijú. Ó kérora, èyí tó gùn jù tí Ayọ́rin ti gbọ́ rí, àpótí náà sì fò sókè bí ìrọ̀rí. Irin kò sí nínú rẹ̀. Baba rọra gbé e kalẹ̀, ó nu iwájú orí, ó fa ìlà méjì sí gbogbo wọn lẹ́yìn. Inú ọ̀gá ilé-ìwé dùn, ó jáde lọ pe awakọ̀ rẹ̀.

Ẹnu ya Ayọ́rin. Ó dá a lójú pé Baba ti bẹ̀rẹ̀ ìkérora yẹn kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan àpótí.

Baba ní, “Èyí tó wà ní igun lápá òsì yẹn ni irin rẹ wà. Tètè yọ ọ́.”

“Baba, báwo lẹ ṣe mọ̀?”

“Mo ti gbé wọn wò ní kùtùkùtù kó o tó dé. Díẹ̀ ló kù kí ẹ̀yìn mi kán. Ó pé ọdún mẹ́sàn-án tí ẹ̀yìn yìí ti ń dùn mí. Èyí tó bá fúyẹ́ jù ni mo máa ń ṣà kí oníbàárà tó dé.”

Ayọ́rin kò mọ̀ bóyá kóun rẹ́rìn-ín ni tàbí kóun bínú. Ó ń tú irin náà nígbà tí Baba tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì ti rẹlẹ̀.

“Ìkòkò tí ìyá ẹ fi sílẹ̀ lọ, èyí tó wà lábẹ́ ibùsùn mi. Inú èwo ló wà nínú wọn?”

Ó kúnlẹ̀. “Ó wà nínú gbogbo wọn, Baba. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.”

Baba bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé wọn mọ́ àyà kó tó dá wọn padà. Kò kérora rárá. Ó dé orí ìkejìlá kí ọ̀gá ilé-ìwé tó padà wọlé. Bó ṣe gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó dijú, ó sì kérora débi pé awakọ̀ sáré wá bá a gbé e.