Kò Tíì Jinná

Agogo náà tún dún. Gbogbo ọ́fíìsì pàtẹ́wọ́, ọmọbìnrin náà sì bá wọn pa á, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn, kò sì mọ ibi tí yóò gbé ojú sí. Agogo idẹ kékeré ni, èyí tó ṣeé gbé sórí àtẹ́lẹwọ́, orí tábìlì Màdáámù tó jẹ́ ọ̀gá wọn ló sì máa ń wà. Ẹni tó bá rí ìwé adójútòfò kan tà ló láṣẹ láti mì ín. Ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ọmọbìnrin náà nìkan ni wọ́n yọ̀ǹda fún, nítorí pé òun ló ń gbálẹ̀ tó sì ń nu tábìlì láràárọ̀. Bó bá ti gbé agogo náà, á fi ìka méjì di ahọ́n rẹ̀ mú, á rọra nù ún yí po, á sì gbé e padà jẹ́jẹ́, kó má baà dún lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì tọ́ sí.

Ọmọ Tuntun ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, ó rò pé bí ọ̀sẹ̀ kan bá ti kọjá, wọ́n á gbàgbé orúkọ náà. Oṣù mẹ́ta rèé, ọmọ tuntun náà kò tíì lè rá, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ìrìn.

Ohun tí wọ́n ń tà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Èèyàn á máa sanwó díẹ̀díẹ̀. Bó bá kú, ilé-iṣẹ́ á san owó ńlá fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ohun tó ṣòro ni kí èèyàn jókòó síwájú ẹni tó jù ú lọ, kó máa bá a sọ̀rọ̀ ikú ara rẹ̀. Ìgbàkigbà tí ọmọbìnrin náà bá ti dé ibẹ̀, ohùn rẹ̀ á wọlẹ̀, ẹni tó ń gbọ́ ọ á dìde pé òun ń bọ̀, ó sì di gbére nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yìí ni Màdáámù pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kì í ṣe ìkà èèyàn. Ó ṣàlàyé fún un pé àwọn tó wà lókè òun náà ń bi òun léèrè, àti pé òní ni àkókò tí wọ́n fi ń dán èèyàn wò parí. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí agogo.

"Bí o kò bá mi nǹkan yìí kí a tó ti ìlẹ̀kùn lónìí," ó ní, "má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú wá lọ́jọ́ Ajé."

Ọmọbìnrin náà dúpẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ ohun tó ń dúpẹ́ fún. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó rí láti ìgbà tó ti jáde ilé-ìwé nìyí. Òun ni ìyá rẹ̀ fi ń yangàn ládùúgbò, òun náà ni wọ́n sì fi ń gbọ́ bùkátà ilé láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ti mú ìyá náà mọ́lẹ̀.

Ọkùnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tẹ̀ sí i létí. Olóhùn Iyọ̀ ni wọ́n ń pè é. Kò sí ẹni tó ń mi agogo náà tó o. Ó ní ọmọbìnrin náà ló fà á sí ara rẹ̀ lọ́rùn. Ṣé kò ní ẹbí ni? Kò sí ẹni tó wà nínú yàrá yìí tí kì í ṣe ara ẹbí ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó tún wá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ka àwọn ìbéèrè àìsàn tó wà lẹ́yìn ìwé náà. Èémí kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń kà wọ́n. Àrùn ọkàn, àrùn ẹ̀dọ̀fóró, ṣé wọ́n dá yín dúró ní ọsibítù rí, rárá, ó dáa, ẹ fọwọ́ sí i níbí. Ó kà á wọ̀ọ̀rọ̀wọ̀ bí ẹni ń kọrin, kò sinmi láàárín.

"Tó o bá fi lè mí pẹ́nrẹ́n," ó ní, "oníbàárà á ronú. Tó bá sì ti ronú, ó ti lọ nìyẹn."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n obìnrin kan ló sọ sí i lọ́kàn. Oṣù tó kọjá ni obìnrin náà wá sí ọ́fíìsì, ó pọn ọmọ, ọkọ rẹ̀ ti kú. Wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ wò, wọ́n sì sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ọkùnrin náà ti ń ṣàìsàn kó tó ra ìwé, kò sì sọ. Ilé-iṣẹ́ kò ní lè san nǹkan kan fún wọn. Obìnrin náà kò pariwo. Ó kàn béèrè ibi tí òun ti lè rí omi fún ọmọ náà mu. Olóhùn Iyọ̀ ló ta ìwé yẹn fún ọkọ rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ló wà títí obìnrin náà fi bá tirẹ̀ lọ.

Ọmọbìnrin náà tẹ fóònù títí etí rẹ̀ fi gbóná. Àwọn kan ní àwọn wà lójú ọ̀nà, àwọn kan kò gbé e rárá, ẹnì kan gbàdúrà fún un. Oòrùn ti rọlẹ̀ nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tó ń gòkè tó sì ń dúró, tó ń gòkè tó sì ń dúró. Ó pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà kí ìlẹ̀kùn tó ṣí. Àbúrò ìyá rẹ̀ ló wọlé, ẹni tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Káfíńtà. Aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó ló wọ̀, ó ti bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn, ṣùgbọ́n ó gbàgbé pẹ́ńsù tó fi ń fa ìlà sára pákó sẹ́yìn etí.

"Ìyálọ́jà," ó ní, "wọ́n ní ẹ ń tajà níbí."

Àwọn ará ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Kò sí ẹlòmíràn tó ń pe ọmọbìnrin náà bẹ́ẹ̀. Nígbà tó wà ní kékeré, bí ìyá rẹ̀ bá ń lọ síbi iṣẹ́, ọ̀dọ̀ káfíńtà yìí ló ń fi í sílẹ̀ sí. Ọmọ náà á bu erùpẹ̀ sínú agolo, á bu omi lé e, á fi àjákù pákó rò ó, á sì máa polówó. Oníbàárà kan ṣoṣo ló ní. Ọkùnrin náà á gbé ayùn sílẹ̀, á jókòó sórí àpótí, á le ojú koko, á béèrè pé, "Ṣé ó ti jinná?" Bí kò bá tíì jinná, ọmọ náà á ní kí ó dúró. Á sì dúró. Iṣẹ́ oníṣẹ́ á wà nílẹ̀, á jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí kò ní nǹkan mìíràn ṣe láyé, títí ọmọ náà á fi sọ pé ó ti jinná. Á wá gba agolo náà, á fi ẹnu jẹ afẹ́fẹ́, á ní iyọ̀ rẹ̀ ṣe wẹ́kú, á sì fi ewé sanwó.

Ó jókòó síwájú tábìlì, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Ó ní ìyá ọmọbìnrin náà ti ro gbogbo rẹ̀ fún òun lórí fóònù, títí kan ti agogo, òun kò sì wá gbọ́ àlàyé kankan.

"Ọjà ọmọ mi ni mo wá rà. Ibo ni mo ti máa fọwọ́ sí?"

Màdáámù fúnra rẹ̀ dìde, ó gbé omi tútù wá fún un. Olóhùn Iyọ̀ ṣẹ́jú sí ọmọbìnrin náà.

Ọmọbìnrin náà kọ orúkọ, ó kọ iṣẹ́, ó kọ orúkọ àwọn ọmọ. Nígbà tó kan àbíkẹ́yìn, káfíńtà náà fi kún un pé ọmọ náà ti ń kàwé báyìí, pé kò sí pátákó tó wà lójú títì tí kì í kà sókè, ó fẹ́ sọ òun di adití. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó wá yí ìwé náà sí ẹ̀yìn.

Òun ló gbé ọkùnrin yìí dé ọsibítù lọ́dún tó kọjá, lọ́jọ́ tí èémí há a ní ṣọ́ọ̀bù. Ìṣójú rẹ̀ ni dókítà gbé fọ́tò àyà rẹ̀ sójú iná, tó fi ìka tọ ibi tí eruku pákó ti jẹ dé, tó ní èyí tó ti bàjẹ́ kò ṣeé tún ṣe mọ́, kí wọ́n máa tọ́jú èyí tó kù. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ lọ́nà, káfíńtà náà bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ ọ́ nílé. Kò sì sọ ọ́.

Ó mí kanlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀.

Àrùn ọkàn ńkọ́? Rárá. Ti ẹ̀dọ̀fóró? Kò tíì sọ ọ́ tán tí ọkùnrin náà fi ní rárá. Ṣé wọ́n dá a dúró ní ọsibítù rí?

"Èmi kẹ̀?" ni Bàbá Káfíńtà wí. "Rárá o."

Ojú tó fi ń sọ pé iyọ̀ ṣe wẹ́kú ló fi sọ ọ́. Ó fa pẹ́ńsù ẹ̀yìn etí rẹ̀ yọ láti fọwọ́ sí i. Olóhùn Iyọ̀ ti yára na báírò tirẹ̀ sí i láti orí tábìlì kejì.

Ìgbà náà ni ọmọbìnrin náà ṣàkíyèsí pé ọkùnrin náà kò tíì wúkọ́. Ẹni tí kì í sọ gbólóhùn méjì nílé kí ikọ́ tó gbà á lẹ́nu rẹ̀, kò tíì wúkọ́ ẹyọ kan láti ìgbà tó ti wọlé. Òógùn ń ṣàn wálẹ̀ lẹ́bàá etí rẹ̀. Iṣan ọrùn rẹ̀ le dán-in. Lórí àtẹ̀gùn níbẹ̀ yẹn, níbi tó ti ń gòkè tó sì ń dúró, ó ń wú u dànù ni, kó tó wá fi èyí tó kù pamọ́ sínú aṣọ ìgbéyàwó.

Káfíńtà náà tẹ̀ síwájú. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, kó lè jẹ́ pé àwọn méjèèjì nìkan ni wọ́n á gbọ́.

"Ṣé ó ti jinná?"

Báírò ti wà lórí ìwé. Ní òdìkejì yàrá, Màdáámù rọra ti agogo náà wá sí etí tábìlì, sí ìhà ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọmọbìnrin náà wo ibi tó ti kọ orúkọ àbíkẹ́yìn sí. Ó rí ọmọ náà lójú ọkàn, tó dúró níwájú tábìlì yìí gan-an, tó ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri sókè, tí ìyá rẹ̀ sì ń béèrè omi.

"Kò tíì jinná, Bàbá," ó ní.

"Ìyálọ́jà, má ṣe bẹ́ẹ̀."

"Kò tíì jinná."

Ó fa ìwé náà kúrò lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó sì ká a sí méjì.

Bí ẹni pé ohun tó fi di í mú ti já ni ikọ́ náà ṣe bẹ́. Ó tẹ ọkùnrin náà lórí ba, ó mi tábìlì, ó gba gbogbo yàrá kan, kò sì tètè tán. Àwọn tó wà lórí fóònù gbé e kúrò létí. Màdáámù mú ọwọ́ kúrò lára agogo. Olóhùn Iyọ̀ gba báírò rẹ̀ padà, ó dé ìdérí rẹ̀, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni. Ọmọbìnrin náà gbé omi sí káfíńtà náà lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ló mú báàgì rẹ̀, ó di ọkùnrin náà mú ní apá, wọ́n sì jáde.

Ibi tí àtẹ̀gùn ti yí ni ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ti kọ̀. Wọ́n jókòó síbẹ̀. Ikọ́ náà rọlẹ̀. Káfíńtà náà ní ṣé wọ́n á wá lé e báyìí. Ọmọbìnrin náà ní àfàìmọ̀. Káfíńtà náà nu ojú, ó rí pẹ́ńsù lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó sì dá a padà sẹ́yìn etí.

"Ó dà bíi pé màá ní láti sọ fún wọn nílé," ó ní.

Ọmọbìnrin náà gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lẹ́yìn, níbi tí èémí ti ń gòkè tó sì ń há. Lókè, agogo dún, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Kò sí ẹni tó gbé orí sókè nínú àwọn méjèèjì. Káfíńtà náà ṣe bí ẹni fẹ́ dìde. Ọmọbìnrin náà ní kí ó dúró.

Ó sì dúró.