Ìràwọ̀ Belarmino ní Belém

Ó ti di ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí Belarmino ti tẹ ilẹ̀ Belém gbẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ Lisboa, ìlú tí àdúgbò Belém wà nínú rẹ̀, náà ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló sì ń gbé. Bí ìyàwó rẹ̀, Deolinda, bá ní kí wọ́n lọ jẹun létí odò níbẹ̀, yóò ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Ẹsẹ̀ kọ́ ló ń dùn ún. Ọ̀rọ̀ ló wà nínú rẹ̀.

Nígbà èwe wọn, òun àti Adérito àbúrò rẹ̀ jọ ń to òkúta dúdú àti funfun sójú pópó. Nínú iṣẹ́ yẹn, ẹni tó bá parí rẹ̀ ló máa ń fi òkúta kéékèèké to àmì tirẹ̀ sí kọ̀rọ̀ kan, kí ayé lè mọ ọwọ́ tó ṣe é. Ìràwọ̀ ni àmì Belarmino, ẹja ni ti Adérito. Oṣù mẹ́rin ni Belarmino fi to òkúta lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ilé ìsìn Jerónimos ní Belém. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kó parí, òòlù fọ́ àtàǹpàkò rẹ̀. Adérito ló bá a parí iṣẹ́ náà, lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ló sì kó lọ sí France. Belarmino kò lọ wò ó. Ẹja ló máa wà níbẹ̀, kí ló tún fẹ́ lọ wò? Lẹ́tà mẹ́ta ni àbúrò rẹ̀ kọ, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dá padà láìtú.

Àfi bí Deolinda ṣe ránṣẹ́ pe Adérito wálé láìsọ fún ọkọ rẹ̀. Ọ̀la ni Adérito yóò padà sí France. Ó ní òun fẹ́ fi ọjọ́ kan wo ìlú òun, láti ilé olódi orí òkè títí dé Belém.

"Ẹ máa lọ," ni Belarmino wí.

"Èmi ni mo gbé oúnjẹ, Bàbá Lurdes," ni Deolinda dá a lóhùn. "Ẹni tó bá fẹ́ jẹun á tẹ̀ lé mi."

Lókè ilé olódi, àwọn àlejò ń ya fọ́tò odò Tejo àti àwọn òrùlé pupa. Belarmino dorí kodò, ilẹ̀ ló ń wò. Deolinda yíjú, ó rí i pé ilẹ̀ ni Adérito náà ń wò.

"Ẹ̀yin ọmọ ìyá méjì yìí, ṣé abẹ́rẹ́ yín ló bọ́ sílẹ̀ ni?"

Ní gbàgede Rossio, níbi tí òkúta ilẹ̀ ti dà bí ìgbì omi, wọ́n kan ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe. Ìgbì ibẹ̀ wọ́.

"Ẹni tó to èyí ti mutí yó," ni Adérito wí.

"Kò mutí. Kò lọ́gàá ni." Belarmino ti sọ ọ́ tán kó tó rántí pé òun kì í bá a sọ̀rọ̀.

Nígbà tí tíráàmù, ọkọ̀ ojú irin ìgboro tí wọ́n wọ̀, dé Belém, Belarmino kò dìde lórí ìjókòó.

"Ẹ ò ní sọ̀ ni?" Deolinda bi í.

"Ẹ̀yin ẹ sọ̀. Màá lọ débi tí ọkọ̀ bá parí sí."

"Ẹ bá wa kí wọn níbẹ̀." Ó gbé àpò oúnjẹ, ó sọ̀. Àkàrà ẹja tó dín láàárọ̀ ń ta sánsán nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ Belarmino gbéra kí ọkàn rẹ̀ tó fọwọ́ sí i.

Adérito kò wo ilé ìsìn ńlá náà rárá. Ó gba àárín àwọn àlejò kọjá, ó dúró lẹ́bàá òpó iná kan, ó kúnlẹ̀, ó sì fi áńkáṣífù nu ilẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá."

"Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá. Orúnkún mi ò lè pẹ́ níbí."

Belarmino lọ, ó ti ń wá èébú tó máa bu ẹja náà. Ìràwọ̀ ló bá. Ìka márùn-ún, dúdú lórí funfun, ìka òkè gùn díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, bí òun gan-an ṣe máa ń ṣe é.

"Ẹja dà?"

"Ẹja kẹ̀? Iṣẹ́ oṣù mẹ́rin yín, kí n wá fi ẹja lé e lórí? Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo tú u kí ìka òkè yẹn tó jọ tiyín. Ohun tó wà nínú lẹ́tà nìyẹn."

Belarmino kúnlẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò tó fọ́ nígbà náà tọ ìràwọ̀ náà yípo, ó ń wá àléébù. Òkúta kan kò mì. Gbogbo ayé ló ti ń gba orí iṣẹ́ rẹ̀ kọjá láti ọjọ́ yìí, òun nìkan ni kò wá wò ó.

"Ṣé ó ti tán báyìí?" Deolinda bi í.

"Kò tán. Ó yẹ kó wá fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi."

"Láti France?"

"Ẹsẹ̀ ni kò ní?"

Adérito bú sẹ́rìn-ín. Belarmino nawọ́ sínú àpò, ó yan àkàrà ẹja tó tóbi jù, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ àbúrò rẹ̀.

"O ṣé," ló wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ọlọ́run ò jẹ́ kí n kú láìrí i."

Wọ́n jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n jẹun, àwọn àlejò ń yà fún wọn. Nígbà tí wọ́n dìde láti lọ wo ilé ìṣọ́ tó wà létí omi, Adérito nàka sí i lọ́ọ̀ọ́kán.

"Ó ṣì rẹwà."

Ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà nìyí tí Belarmino gbé orí sókè.

"Ó rẹwà," ló wí. "Ṣùgbọ́n mú áńkáṣífù yẹn wá. Jẹ́ kí n nu ìràwọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan sí i ká tó lọ."