Ojú Ewé Oko

"Ràbíátù, bá mi wò ó dáadáa. Ojú ewé oko mi dà?"

Imú Bàbá Ògúntádé fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì kọ̀ǹpútà. Ràbíátù dúró lẹ́yìn àga bàbá, ó ń wo ohun tí bàbá ń wò: àwòrán bọ̀lẹ́kájà kan, àwòrán ọkọ̀ ojú omi kan, àti àwọn ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ ọkọ̀ lábẹ́ wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló ya àwọn àwòrán náà. Lọ́jọ́ tó fi wọ́n síbẹ̀, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

"Ọkọ̀ ni mo rí, Bàbá."

"Èmi náà, ọkọ̀ ni mo rí. Oko ni mò ń wá."

Ràbíátù mọ ibi tí oko wà. Láti ọjọ́ Jímọ̀ ló ti mọ̀.

Ọdún 1999 nìyí, nínú yàrá òkè kan ní Bẹẹrẹ. Àwọn méjèèjì, Ọlátúndé tó jókòó sídìí ẹ̀rọ kejì, àti àwọn mìíràn tó wà ní Ifẹ̀ àti lókè òkun ló ń ṣe ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá wù lè mú un, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ lè fi kún un. Bàbá Ògúntádé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń kó ọ̀rọ̀ jọ. Ràbíátù, ọmọ Ìdí Arẹrẹ, ló ń ṣe ojú ewé lọ́ṣọ̀ọ́. Ọlátúndé ló mọ inú ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ Ràbíátù fi ọdún mẹ́fà jù ú lọ.

Ẹ̀rọ wọn kò gba àmì ohùn tàbí àmì abẹ́ lẹ́tà nínú orúkọ ojú ewé. Oko àgbẹ̀, ọkọ ìyàwó, ọkọ̀ tí à ń wọ̀, ọkọ́ tí a fi ń kọ ebè, títí kan èyí tí a kì í dárúkọ lójú àgbà, "oko" ni gbogbo wọn ń jẹ́ lójú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí Ràbíátù fẹ́ tọ́jú ọkọ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ bi í ní Gẹ̀ẹ́sì pé oko kan ti wà níbẹ̀, ṣé kí òun gbé tuntun lé e lórí? Ó rò pé iṣẹ́ tí òun ṣe lánàá ni. Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún dà á kọ sórí gbogbo dísìkì ìpamọ́, nítorí pé òṣìṣẹ́ tó mọ́ tónítóní ni.

Ètò kan wà tí Ọlátúndé mú wá, tí kì í jẹ́ kí ti àtijọ́ parẹ́ bí èèyàn bá yí nǹkan padà. Ràbíátù ló yẹ kó máa bá bàbá fi iṣẹ́ rẹ̀ sínú ètò náà. Àmọ́ ojú kọ̀ǹpútà dúdú kan tí kò ní àwòrán ni wọ́n ti ń tẹ àṣẹ rẹ̀. Ìgbà tó kọ́kọ́ dán an wò, ó fi ìlà Gẹ̀ẹ́sì méje dá a lóhùn, kò sì mọ̀ bóyá èébú ni tàbí ìkíni. Láti ọjọ́ náà ló ti ń gba ẹ̀yìnkùlé, tó ń fi iṣẹ́ síbẹ̀ láìgba inú ètò náà.

"Ọlátúndé, bá mi wo inú ètò rẹ," bàbá wí.

Ọlátúndé tẹ̀ ẹ́, ó wò ó, ó mi orí. "Kò sí níbí, Bàbá. Kò tiẹ̀ fìgbà kankan sí níbí."

Bàbá fara ti àga. "Àbí n kò kọ ọ́ ni? Àbí mo kàn rò ó lọ́kàn ni?" Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Báyìí ni ti ẹ̀gbọ́n mi ṣe bẹ̀rẹ̀. Á ní òun ti jẹun, kò sì tíì jẹ. Nígbà tó yá, kò mọ̀ wá mọ́." Ó na ọwọ́ sí fìlà rẹ̀. "Ẹ wá ẹlòmíràn. Ẹni tí orí rẹ̀ ń daṣẹ́ sílẹ̀ kì í kọ ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀."

Ìtìjú gun Ràbíátù láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orí. Bó bá pa ẹnu mọ́, ara rẹ̀ là. Bàbá á sọ̀kalẹ̀ lọ sílé, á sì máa dúró de àrùn ìgbàgbé tí kò sí.

Ó kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ kọ ọ́. Orí yín pé. Èmi ni mo gbé ọkọ̀ lé oko lórí, tí oko fi parẹ́."

"Nígbà wo lo mọ̀?"

"Ọjọ́ Jímọ̀."

"O sì dúró lẹ́yìn mi, ò ń wò mí."

Ọlátúndé ló sọ̀rọ̀: "Àǹtí Ràbí, kí ló dé tí ẹ ò bi mí bí ètò yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́? Ẹni tó bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà."

"Ojú ń tì mí. O ní ṣé ó yé mi, mo ní ó yé mi."

Ọlátúndé wo ilẹ̀. "Mo mọ̀ pé kò yé yín. Ó dùn mọ́ mi pé èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n." Ó fọwọ́ nu ojú. "Ẹ ya àwòrán kékeré kan fún mi, èyí tí èèyàn á kàn tẹ̀. Màá jẹ́ kó máa bèèrè ní Yorùbá pé ta ló ṣe é, kí ló sì yí padà. Kò sì gbọdọ̀ pa ti ẹnikẹ́ni rẹ́ mọ́."

Bàbá Ògúntádé gbé fìlà rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì, ó ní, "Dìde. Jókòó. Kọ ọ́."

Ràbíátù jókòó sídìí ẹ̀rọ. Bàbá ń pè é, òun ń tẹ̀ ẹ́: oko etílé, oko ẹgàn, àkùrọ̀, ebè, poro. Wọ́n bá a lọ títí oòrùn fi yí sí ẹ̀yìn Mápó. Bàbá wá dúró.

"Ọ̀rọ̀ kan wà tí Màmúdù, àgbẹ̀ àgbà kan, sọ fún mi. Orúkọ ebè tí ilẹ̀ bá ṣú mọ́ àgbẹ̀ lórí rẹ̀, tó fi sílẹ̀ láìkọ tán." Ó di ojú, ó là á. "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gbọ́ ọ. Mo kọ ọ́ síbí kí n má baà gbàgbé, mo sì ya ìwé tí mo kọ́kọ́ kọ ọ́ sí."

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ bá Pa Màmúdù."

"A sin Màmúdù nínú oṣù Ràmàdáánì."

Ràbíátù gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Fi àyè rẹ̀ sílẹ̀," bàbá wí.

Ó fi àyè sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kọ èyí sínú àyè náà, kí gbogbo ayé lè kà á: *Ọ̀rọ̀ kan wà níbí. Màmúdù ló mọ̀ ọ́n. Ràbíátù ló sọ ọ́ nù.*