Páwà Ọlọ́dún Mọ́kànlá àti Dírágónì Màásù

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni kọ̀ǹpútà kú mọ́ Siok-hun lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, dírágónì tó yà ò sì fò dé àárín sikirín rí kí kọ̀ǹpútà tó kú. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni wọ́n máa ṣeré ọmọláńgidi níwájú tẹ́ńpìlì fún ọjọ́ ìbí Màásù, òrìṣà òkun, aago méjì sì ti lù. Bàbá rẹ̀, tó ti ń darí ẹgbẹ́ eléré yìí láti ọgọ́ta ọdún, ti là á mọ́lẹ̀ fún un: "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo gbà fún ọ. Tí nǹkan yín yìí bá fi kú lójú Màásù, aṣọ tá a kùn la máa padà máa ta sẹ́yìn àwọn ọmọláńgidi. Mi ò fẹ́ gbọ́ sikirín mọ́ láyé mi." Ẹni tó bá mọ bàbá yẹn mọ̀ pé kì í ṣàwàdà.

Ọdún mẹ́ta gbáko ni Siok-hun fi ya dírágónì náà, ìpẹ́ kan lẹ́yìn èkejì. Káàdì àwòrán tuntun tó máa gbé e jáde, àná ni wọ́n tì í bọnú kọ̀ǹpútà. Páwà nìkan, àpótí irin tó ń pín iná fún gbogbo inú rẹ̀, ni wọn ò pààrọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, páwà yìí ti darúgbó," ni Bun-ki àbúrò rẹ̀ wí. "Ọdún mọ́kànlá! Kò lè gbé káàdì tuntun."

"Ta ló máa ta òmíràn fún wa lónìí, tí gbogbo ìlú wà ní tẹ́ńpìlì? Ṣírò rẹ̀ fún mi, jàre."

Bun-ki ka ohun tí wọ́n kọ sára páwà. Ó lè pèsè ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta wáàtì ó lé ogójì. Káàdì tuntun ń fẹ́ igba ó lé ogún, ìyókù ń fẹ́ ọgọ́sàn-án. Ó tún un ṣírò, ó họ orí.

"Irinwó péré! Ká tiẹ̀ yọ ti ogbó kúrò, ó tó. Kí ló wá ń pa á?"

Siok-hun fọwọ́ kan páwà, ó já ọwọ́ gbà. Gbígbóná yìí mà pọ̀ jù! Ó wo òkè kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé dùbúlẹ̀ sórí tábìlì. Ọ̀rá ìpápánu aláwọ̀ ewé ló wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń lo ẹ̀rọ nílùú yẹn tí kì í gbé irú ọ̀rá yìí lé ẹ̀rọ lórí bí oògùn, kí ẹ̀rọ má baà yọ ọ́ lẹ́nu. Ọwọ́ méjèèjì ni Siok-hun fi gbé tiwọn síbẹ̀ lánàá, ńlá, tuntun, gẹ́lẹ́ lórí àwọn ihò tí fáànù páwà fi ń fa afẹ́fẹ́.

"Yé! Bun-ki! Imú ni mo dí fún un!"

Bun-ki rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Ẹ ń bẹ̀ ẹ́, ẹ sì ń fún un lọ́rùn!"

"Panu mọ́ ọ̀hún." Ó gbé ọ̀rá náà sí ẹ̀gbẹ́. Kò jẹ́ jù ú nù, ta ló tó bẹ́ẹ̀?

Nígbà tó di aago mẹ́ta, dírágónì gbéra. Siok-hun wà lẹ́yìn ìtàgé, ọmọláńgidi lọ́wọ́ kan, ọwọ́ kejì lẹ́yìn páwà, níbi tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ti ń tú jáde. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá, ogún kọjá, dírágónì ń yí po lójú sánmà inú sikirín, wúrà ń tàn lára rẹ̀. Ẹnu ya Siok-hun gan-an. Ìyẹn ni pé àpótí irin lásán yìí, tí ẹnikẹ́ni ò kí rí fún ọdún mọ́kànlá, ló gbé gbogbo èyí!

Eré parí, kò kú. Bàbá wá sẹ́yìn ìtàgé, kò kí ẹnikẹ́ni.

"Èwo ló ń fún un níná?"

Bun-ki nawọ́ sí i. Bàbá pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, ó tẹrí ba fún páwà bó ṣe ń tẹrí ba fún Màásù, ó sì kọjú sí ọmọ rẹ̀.

"Dírágónì yẹn kéré. Lọ́dún tó ń bọ̀, jẹ́ kó borí òrùlé tẹ́ńpìlì."

Siok-hun bú sẹ́kún.