Ẹ̀rọ Tó Ń Wá Etí Èèyàn

Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni Àṣàbí ti gbé ẹ̀rọ etí náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù Hakeem, atúnfóònùṣe ní Sábó, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin náà ni Hakeem sì ti ní kò sóhun tó ṣe é. Ẹni tó bá mọ Àṣàbí ará Ìrẹ̀mọ mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń dá padà lófo lẹ́ẹ̀mẹ́rin tí kì í bú èèyàn. Ṣùgbọ́n kò bú Hakeem. Ẹ̀rù ló ń bà á.

Adédàmọ́lá, ọmọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ l'Ábújá, ló fi ẹ̀rọ náà ránṣẹ́ sí i: hẹ́dífóònù dúdú kan tí kò ní wáyà, tí wọ́n ń gbé kọ́ orí kó lè bo etí méjèèjì. Ó ní, "Màámi, ẹ kàn gbé e wọ̀, kẹ́ ẹ tẹ fóònù yín bí mo ṣe kọ́ yín. Ẹ ó gbọ́ Bàbá ketekete." Bàbá tó ń wí ni Lágúnjú káfíńtà, ọkọ Àṣàbí, tó ti di ará ọ̀run láti ọdún tó kọjá.

Ká má parọ́, etí Àṣàbí ti ń kú díẹ̀díẹ̀ kí Lágúnjú tó lọ. Òun fúnra rẹ̀ ni kò gbà. Lójú tirẹ̀, ọkọ rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó há ìṣó sẹ́nu. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí Àṣàbí ń lọ kí àbúrò rẹ̀ ní Ìpetumodù, Lágúnjú pè é lẹ́nu ọ̀nà, ó sọ ohun kan. Àṣàbí ò gbọ́. Ó tún un sọ. Nígbà tó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, Àṣàbí jágbe mọ́ ọn.

"Bẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ lanu!"

"Ó dáa," ni Lágúnjú fi igbe dáhùn. "Mi ò ní sọ ọ́ mọ́ láéláé!"

Èyí tó fi igbe sọ yìí nìkan ni obìnrin náà gbọ́ dáadáa. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni àyà dá Lágúnjú dúbúlẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, kí Àṣàbí sì tó ti Ìpetumodù dé lọ́jọ́ kejì, ọkọ rẹ̀ ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ọjọ́ kẹta ló kú. Adédàmọ́lá, tó wá sílé lọ́sẹ̀ náà, ló sọ fún un lẹ́yìn ìsìnkú pé Bàbá ní kí òun fi fóònù gba ohùn Bàbá sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé ọsibítù, ó sì ní kí òun bọ́ síta. Ó ní Àṣàbí nìkan ni kó gbọ́ ọ.

Ọmọ náà fi ohùn ọ̀hún sínú fóònù Àṣàbí. Àṣàbí gbé e sétí títí, kò gbọ́ ju kíkùn bí ẹ̀rọ ata tó wà ní òpópónà kejì. Kò sì jẹ́ kí ará ilé kankan bá a gbọ́ ọ. Ta ló mọ̀ bóyá èébú ni?

Ìgbà tí hẹ́dífóònù dé, ó jókòó sórí àpótí tí Lágúnjú kàn, ó gbé e wọ̀, ó tẹ fóònù. Ohùn ọkọ rẹ̀ jáde. "Àṣàbí, èmi nìyí..." Ẹ̀rọ náà dún tìn, ó dákẹ́. Ó tún un tẹ̀. "Àṣàbí, èmi nìyí..." Tìn. Ó fi iná sí i kún bámúbámú, ibi tó ń dákẹ́ sí náà ló tún dákẹ́ sí. Bẹ́ẹ̀, bó bá ti dé etí Hakeem, a máa sọ̀rọ̀ lọ geere.

Nígbà tó gbé e lọ lẹ́ẹ̀karùn-ún, Hakeem tún gbé e wọ̀, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan, ó sì yára bọ́ ọ, torí pé ọmọlúàbí ni.

"Màmá, ó ń sọ̀rọ̀ o. Ohùn Bàbá ni."

Àṣàbí jókòó gbì sórí bẹ́ǹṣì. "Ìwọ ló ń bá sọ̀rọ̀, Hakeem. Kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó ti ní òun ò ní sọ ọ́ mọ́ láéláé, kò sì sọ ọ́." Ó wá ro gbogbo rẹ̀ fún un, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Hakeem tó máa ń kánjú gbé irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ìtìjú mú un. Nínú gbogbo wíwá tí ìyá yìí wá, kò wo bó ṣe ń lo nǹkan náà rí.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e wọ̀ kí n rí yín."

Àṣàbí gbé e wọ̀. Fìlà òwú ló kọ́kọ́ dé, ó wá fi gèlè wé orí ní ìlọ́po méjì, ó wé e bo etí pátápátá. Orí gbogbo ẹrù yìí ló gbé hẹ́dífóònù lé. Ẹ̀rín fẹ́ pa Hakeem, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ wo inú ibí yìí, Màmá. Ṣé ẹ rí ojú kékeré yìí? Òun ló fi ń wo etí èèyàn. Tó bá ti rí etí, á sọ̀rọ̀. Tí kò bá rí i, á ní wọ́n ti gbé òun sílẹ̀ nìyẹn, á dákẹ́ kí iná bátìrì má baà ṣòfò. Gèlè yín ló ń rí. Kò mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀."

Àṣàbí gba ẹ̀rọ náà, ó tẹjú mọ́ ojú kékeré yẹn.

"Ó mọ̀ bóyá èèyàn wà nínú òun?"

"Ó mọ̀ o."

Kò sí ohun tí Àṣàbí ò tíì rí láàádọ́rin ọdún. Ó ti rí rédíò tó ń ka ìròyìn fún àga láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, àtùpà tó ń jó fún yàrá òfìfo. Ó ti rí ènìyàn ẹlẹ́ran ara pẹ̀lú, tó ń fi odindi ọdún mẹ́ta sọ̀rọ̀ láì bèèrè bóyá wọ́n ń gbọ́ òun, àti èkejì rẹ̀ tí kò jẹ́wọ́ pé òun ò gbọ́. Ike lásán-làsàn wá ń kọ́kọ́ wò bóyá etí wà níbẹ̀ kó tó lanu! Àwọn òyìnbó mà ń fi àjẹ́ tiwọn ṣe rere o. Ó rọra fi àtàńpàkò kan ojú náà, bí ẹni tó ń kan ìpéǹpéjú ọmọ tuntun.

Ó ku gèlè. Láti ọjọ́ tí Àṣàbí ti wọlé ọkọ, kò sí ọkùnrin mìíràn tó rí irun orí rẹ̀. Hakeem ò dúró kí wọ́n sọ fún un. Ó ti ilẹ̀kùn dé ààbọ̀, ó sì kọjú sí ògiri tó kó wáyà ṣáàjì kọ́.

Àṣàbí tú gèlè, ó ṣí fìlà. Atẹ́gùn fẹ́ sí i létí. Ó gbé ẹ̀rọ náà wọ̀, ó tẹ fóònù.

"Àṣàbí, èmi nìyí." Ó retí tìn. Kò dún. "Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ. Mo ní mi ò ní sọ ọ́ mọ́, irọ́ ni mo pa. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé etí rẹ ò ṣe dáadáa mọ́. Ojú ló ń tì mí láti sọ ọ́, kó o má baà ní mo pè ọ́ ní arúgbó. Ohun tí mò ń wí láàárọ̀ ò ju báyìí lọ: ọyẹ́ mú lóde. Wé gèlè rẹ bo etí kó o tó lọ."

Ọwọ́ Àṣàbí ṣubú lé gèlè tó wà lórí itan rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín di ẹkún. Ó bọ́ ẹ̀rọ náà láti nu ojú, kíá ni ohùn náà dákẹ́. Ó sáré gbé e padà sétí.

Lágúnjú bẹ̀rẹ̀ níbi tó dé dúró. Ó ti ń dúró dè é.

"Ṣé o gbọ́ mi, Àṣàbí?"

"Mo gbọ́ yín!" Ó pariwo rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Hakeem fi fẹ́ bojú wẹ̀yìn.

"Má tíì yíjú o, Hakeem! Kì í ṣe ìwọ ni mò ń dá lóhùn."